Àwẹ̀ró àti Kùkùté Akòko

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn yẹn, n kò gbọ́ ohùn yín. Ṣé ẹ̀bà ti dí yín lọ́fun ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi ta gìrì, ó ta gbàgà, ó fò kọjá lórí ìyeyè, ó fò kọjá lórí ọ̀pẹ, kò bà sórí Baálẹ̀, kò bà sórí ìjòyè, ó bà sórí Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́yalé, ó sì bà sórí kùkùté akòko. Ègbè orin inú rẹ̀ kò le. Bí mo bá ti dá orin, ohun tí ẹ óò máa sọ ni, "Rú ewé, kùkùté, rú!" Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

— Rú ewé, kùkùté, rú!

Ó dáa. Ẹni tó bá sùn, màá fi omi tútù wọ́n ọn lójú.

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayin, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé. Oko rẹ̀ kò tóbi rárá. Bí o bá dúró ní ìkángun kan, tí o pe ẹni tó wà ní ìkángun kejì, yóò dá ọ lóhùn láìpariwo. Ṣùgbọ́n akòko yí oko náà ká, akòko sì wà láàárín rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọdẹ́yalé fi gbìn wọ́n, lára wọn ló sì ti ń gé ọ̀pá tí iṣu rẹ̀ ń gùn lọ́dọọdún. Ẹ sá mọ̀ pé iṣu tí kò bá rí ọ̀pá gùn, ilẹ̀ ni yóò máa wọ́ kiri, kò sì ní ta dáadáa.

Ibà mú Ọdẹ́yalé lọ́dún kan, ó kú. Ó fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ jòjòló kan tí wọn kò tíì sọ lórúkọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, wọ́n sọ ọmọ náà ní Babárímisá, torí pé bàbá rí i, bàbá sì sá lọ. Bí mo bá ti dé ibí yìí nínú àlọ́ yìí, ó máa ń dùn mí.

Àwọn ará Ìdí-Ayin ní òfin kan. Igi tútù ni ẹ̀rí ilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ọkùnrin kan bá kú, tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, nígbà tí iṣu tuntun bá dé, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà yóò lọ wo oko rẹ̀. Bí igi tó gbìn bá ṣì ń mí, ilẹ̀ di ti ọmọ rẹ̀. Bí igi bá ti kú, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí, ẹni tó bá lágbára nínú wọn yóò sì gbà á. Níbo ni ìyá àti ọmọ yóò ti máa jẹun nígbà náà? Kò sí ibì kankan.

Ẹni tó lágbára nínú ẹbí ni àbúrò Ọdẹ́yalé, ọmọ ìyàwó kejì bàbá rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́mọdé kò kàn wá, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ajíṣefínní ni Àwẹ̀ró ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkùnrin yìí á ti wẹ̀, á ti kunra, á ti gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo abúlé gba orúkọ náà lẹ́nu Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Oko tirẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gé gbogbo igi ibẹ̀, ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sun ún, oko náà sì ti pá. Kò rí ọ̀pá kan ṣoṣo tí iṣu rẹ̀ lè gùn mọ́. Ìgbà tí ó di bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ wá ń wo akòko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú.

Ó di ìgbà ọyẹ́. Ìyá ọkọ Àwẹ̀ró kò sí nílé, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní abúlé kejì. Àwẹ̀ró pọn Babárímisá, ó mú àdá ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró láàárín oko. Ó ń wo akòko, akòko ń wò ó. Ọdẹ́yalé ló máa ń gé igi, tirẹ̀ ni kó dì í kó sì rù ú. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wẹ́rẹ́, Ajíṣefínní yọ.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Kí lo ń wò bí ẹni tó rí iwin?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ọ̀pá iṣu ni mo fẹ́ gé. Ẹ̀gbọ́n yín kò kọ́ mi kó tó lọ."

"Ìyẹn náà ló ń dà ọ́ láàmú? Gé e nílẹ̀. Gé gbogbo rẹ̀! Kí o wá kó koríko gbígbẹ bo àwọn kùkùté, kí o finá sí i. Oko tó mọ́ tónítóní ni àwọn àgbà ń fẹ́ rí. Àbí o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣaya?"

Ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" yẹn ló mú Àwẹ̀ró, tó fi gbàgbé òfin igi tútù. Gbogbo èèyàn ló ń sun oko ní Ìdí-Ayin, kùkùté tí kò bá jóná, ìtìjú olóko ni. Obìnrin yìí di àdá mú, gbà! gbà! gbà! Àwọn akòko àárín oko ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wó lulẹ̀, wààà, wààà. Ó to ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kó koríko bo kùkùté, ó ṣáná sí i. Iná ń ta pàrà pàrà, èéfín gbalẹ̀, ó gbòkè. Ajíṣefínní dúró lójú ọ̀nà, ó tún fìlà rẹ̀ gẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èéfín yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ rí lójú ọ̀nà bó ti ń darí bọ̀ wálé. Ó ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré, arúgbó tí orúnkún ń dùn! Kó tó dé oko, ìdajì àwọn kùkùté náà ti jóná. Ìdajì kù. Àwọn akòko bèbè oko ṣì wà lóòró, Àwẹ̀ró kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ta ló ní kí o ṣe èyí?"

"Ìyá, mo fẹ́ kí oko wa mọ́ ni."

Ìyá àgbà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú. "Àwẹ̀ró, ọmọ mi ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Háà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró dé egungun. Òun náà kúnlẹ̀ sínú eérú. Ìyá ń sunkún, ìyàwó ń sunkún, Babárímisá tó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí, òun náà bú sẹ́kún. Nígbà tó ṣe, ìyá àgbà fi etí ìró nu imú rẹ̀.

"Ó tó. Omijé kò lè pa iná yìí. Dìde, ká lọ pọnmi."

Wọ́n pọnmi lódò, wọ́n pa iná. Ìyá wá mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé orí kùkùté kan tí iná kò dé.

"Ìyàwó mi, gbọ́. Igi kò dà bí ẹran. Ẹran, bí o bá bẹ́ ẹ lórí, ó parí. Akòko, bí o bá bẹ́ ẹ lórí, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń ronú nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iná ló ń pa ìrònú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gé igi, dúró níbi orúnkún rẹ. Gé e dàgẹ̀rẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn lójú rẹ̀, kó má dúró kó sì mú un jẹrà. Pọ́n àdá rẹ kó mú, má jẹ́ kí èèpo ya. Ìgbà ọyẹ́ ni kí o gé e, nígbà tó bá ń sùn, kó lè bá òjò jí."

"Ìyá, ṣé èyí tí mo ti gé yìí máa jí?"

"Èyí tó jóná ti lọ, ká má tan ara wa. Tún ojú èyí tó kù ṣe. Bí ọkọ rẹ bá ti gé e tán, ó máa ń kọrin fún un."

Àwẹ̀ró tún ojú àwọn kùkùté náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin:

Akòko ọkọ mi o,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Àìmọ̀ ló mú mi gé ọ,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Iná jó ọ, omi pa iná,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Babárímisá kò nílé míràn,
— Rú ewé, kùkùté, rú!

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wàràwàrà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀mùnú yọ, èéhù tútù lára kùkùté! Ó yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì, kùkùté kan ń yọ ẹ̀mùnú tó lé ní ogún. Inú Àwẹ̀ró dùn, ó ń jó láàárín ebè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Rọra jó o. Bí ọmọ bá pọ̀ jù lórí ọmú kan, gbogbo wọn ni yóò rù. Yọ àwọn tó tínrín, kí o fi èyí tó lágbára sílẹ̀." Ó dun Àwẹ̀ró láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́. Ó fi àwọn ọ̀pá tó ti gé ti iṣu rẹ̀, iṣu sì ń gùn ún lọ sókè.

Ajíṣefínní gba ibẹ̀ kọjá, ó rí ewé tútù. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó dé fìlà, ó kó àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó ń dà wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ oko náà bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ṣé ẹ mọ ewúrẹ́ àti ewé akòko? Mẹ́ẹ̀ẹ́! Wọ̀mù, wọ̀mù, wọ̀mù. Kí Àwẹ̀ró tó dé, wọ́n ti jẹ gbogbo ẹ̀mùnú náà kan igi.

Àwẹ̀ró kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sórí ebè, ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ padà sílé bàbá mi. Mo gé igi, iná jó o. Ó tún rú, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Bóyá orí mi ni kò gba oko yìí."

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ó jókòó tì í. "Bí o bá lọ, n kò ní dá ọ dúró. Ọ̀dọ́ ni ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, bá mi wo nǹkan kan. Ibo ni ẹnu ewúrẹ́ ga dé?"

"Bó bá fẹsẹ̀ méjì dúró, á dé àyà mi."

"Apá rẹ ńkọ́?"

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo akòko bèbè oko. Ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀hẹ́n," ni ìyá wí. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ibi tí ewúrẹ́ kì í dé, ibi orúnkún la ti ń gé igi. Ibi tí ewúrẹ́ bá ń gbà, orí igi la ń gé, ká fi ìtì rẹ̀ sílẹ̀ lóòró, kó máa rú lókè. Kí o fi ẹ̀ka tínrín kan sílẹ̀ lórí rẹ̀, imú tí yóò máa fi mí nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ló yẹ ká ṣe é, ṣùgbọ́n ìjẹsu kò ní dúró de ọyẹ́."

Àwẹ̀ró pọn ọmọ rẹ̀ padà. Ó lọ gbé àkàsọ̀ wá, ó fi ti akòko bèbè oko, ó gùn ún. Ìyá àgbà di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, ó ń pariwo, "Dàgẹ̀rẹ̀! Mo ní dàgẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹran lò ń kun ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Ọdẹ́yalé ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ẹ̀gún yí àwọn kùkùté àárín oko ká pẹ̀lú, Àwẹ̀ró sì ń kọrin:

Akòko ọkọ mi o,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Ewúrẹ́ jẹ ọ́, ewúrẹ́ yó,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Orí ni mo gé, n ò gé ẹsẹ̀,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Àgbà ń bọ̀ wá wò ọ́ o,
— Rú ewé, kùkùté, rú!

Ṣé ó rú àbí kò rú?

— Ó rú!

Ó rú o! Kùkùté inú ẹ̀gún tún yọ, torí gbòǹgbò kì í bínú. Àwọn ti bèbè oko náà yọ lókè bí irun ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí. Ewúrẹ́ dé, wọ́n fẹsẹ̀ méjì dúró, wọ́n na ọrùn, na ọrùn, títí ọrùn fi dùn wọ́n. Wọ́n padà sílé.

Ọjọ́ tí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà máa wá wo oko pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ajíṣefínní kò wẹ̀. Kò kunra. Kò dé fìlà. Àdá ló mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí akòko tó tóbi jù ní bèbè oko, ó ń wá ibi tí gbòǹgbò wà. "Èyí tí kò kú lókè," ó wí, "á kú nísàlẹ̀." Ó gbé àdá sókè.

Gbà!

Àdá wọlé, àdá há. Ó fà á, kò yọ. Ó fẹsẹ̀ ti igi, ó fà á, hí-ìn, kò yọ. Ó ní kí òun jọ̀wọ́ rẹ̀ kí òun sá lọ, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èèkù àdá! Ó gbọn ọwọ́, ó jó yípo igi, ó pe bàbá, ó pe ìyá. Ohùn kan wá ti inú igi náà jáde, jẹ́jẹ́, bí ohùn Ọdẹ́yalé:

Ajíṣefínní àbúrò mi o,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Ìwọ lo ní kí wọ́n sun mí,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Ìwọ lo kó ewúrẹ́ wá,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Wọ́n ń gé mi lórí, mò ń yè é,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Ìwọ wá ń gé mi lẹ́sẹ̀,
— Rú ewé, kùkùté, rú!

Orí ìdúró yẹn ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà bá a, Àwẹ̀ró àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Baálẹ̀ ní, "Ajíṣefínní, kí lò ń ṣe níbí láàárọ̀ kùtù?"

"Kábíyèsí… ẹ má bínú, Baálẹ̀, mò ń bá ìyàwó wa ṣọ́ igi ni."

"Tàdá-tàdá?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ajíṣefínní wo ara rẹ̀, láìwẹ̀, láìdé fìlà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Baálẹ̀, ẹ̀tàn ni. Èmi ni mo ní kó sun ún. Èmi ni mo da ewúrẹ́ wá. Oko mi ti pá, iṣu mi ń wọ́ nílẹ̀, ohun tí mò ń wà kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Mo rí i tí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tutù, ó sì ká mi lára."

Baálẹ̀ gbójú sókè, ó wo ewé. Ó wọ inú oko, ó wo ẹ̀mùnú inú ẹ̀gún. Ó já ewé kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi lé Babárímisá lọ́wọ́. "Igi yìí ń mí. Ilẹ̀ yìí ti di ti ọmọ yìí. Àwẹ̀ró, ọkùnrin yìí ńkọ́? Ìwọ ló dá lóró, ìwọ ni kí o sọ ohun tí a óò ṣe fún un."

Àwọn kan ní kí ó fi í síbẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Àwẹ̀ró wo eérú àárín oko, níbi tí ìdajì akòko ọkọ rẹ̀ ti jóná tí kò sì rú mọ́. Ọwọ́ òun ló ṣáná sí i.

"Ẹ̀yin bàbá," ó wí, "bí a bá ń gégi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Èmi náà ti pa nínú igi yìí, igi kò sì di èmi mú." Ó súnmọ́ akòko náà, ó fọwọ́ kàn án:

Ọkọ mi, àbúrò rẹ ni o,
— Rú ewé, kùkùté, rú!
Jọ̀wọ́ rẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́,
— Rú ewé, kùkùté, rú!

Fàáà! Àdá yọ, Ajíṣefínní ṣubú lulẹ̀ gbì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ajíṣefínní wá sí oko Àwẹ̀ró. Kò gẹ fìlà, ó mú un lọ́wọ́ ni. Àwẹ̀ró gbé àkàsọ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ sì di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú. "Ẹ dúró níbẹ̀, ọkọ mi. Ẹ gé e dàgẹ̀rẹ̀." Ó fún un ní ọ̀pá tí yóò fi ti iṣu. Ó tún fún un ní àwọn tó nípọn, ó ní kó lọ gún wọn mọ́lẹ̀ yí oko rẹ̀ ká kí òjò tó rọ̀. Àwọn ọ̀pá náà ta gbòǹgbò, wọ́n rú ewé. Ewúrẹ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ jẹ wọ́n, ẹ ò rí i bó ṣe ń sáré lé wọn kiri!

Ìyá àgbà jókòó lábẹ́ akòko lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé igi náà, Babárímisá ń rá nínú ewé. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Àwẹ̀ró, ọdún tí ọmọ mi kú, mo sọ nínú ara mi pé wọ́n ti gé ilé mi délẹ̀. N kò mọ̀ pé ìwọ ni kùkùté tó kù sí mi lọ́wọ́. Wo bí o ṣe rú."

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́, kí àdá mi há sínú igi bíi ti Ajíṣefínní. Bí òótọ́ ni mo sì sọ, kí orúnkún mi dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí mo bá ti fẹ́ dìde. Ó dún àbí kò dún?

— Ó dún!

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ohun tó ń bọ́ ni, ká máa gé e lórí, ká má gé e ní gbòǹgbò, torí ọ̀la ṣì ń bọ̀ wá béèrè tirẹ̀. Olójúkòkòrò a máa gé tirẹ̀ tán kó tó wá ti ẹlòmíràn. Bí ayé bá sì gé ẹ̀yin náà lórí lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe sọ pé ó ti parí. Ẹ bi gbòǹgbò yín léèrè ná.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ẹ fà mí sókè, orúnkún ti gbó.